Ìyá Ìbejì, Ewúrẹ́ Agbowó

Bí ewúrẹ́ bá tẹrí ba sídìí èèpo iṣu, ẹ rọra sún mọ́ ọn kí ẹ wo ẹyinjú rẹ̀. Àwọ̀ oyin ló ní, dúdú àárín rẹ̀ kò sì rí róbótó bíi tiwa. Ó nà gbọọrọ ní ìbú, láti ìhà imú lọ sí ìhà etí. Nígbà tí ewúrẹ́ bá gbórí sókè, ìlà dúdú yìí tẹ́ sílẹ̀ gbalaja. Nígbà tó bá wá dorí kodò láti jẹun, èèyàn á rò pé ìlà náà á dúró gangan, torí pé orí ti yí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyinjú fúnra rẹ̀ ló máa ń yí padà nínú agbárí, yíyí náà sì lè tó àádọ́ta dígírì, kí ìlà yẹn lè tẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Martin Banks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley tẹ ìwádìí náà jáde ní 2015, wọ́n sì ṣàlàyé ohun tó fà á: ẹran tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ní láti máa rí ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kó sì rí díẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, kódà nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá wà nílẹ̀.

Kò sí ìkookò ní òpópónà Agbowó ní Ìbàdàn. Ọ̀kadà wà níbẹ̀, ọmọdé tó mú òkúta lọ́wọ́ wà níbẹ̀, aláàmàlà tó ń bọ̀ tòun ti ọmọ orógùn wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ tí ẹ rò pé oúnjẹ nìkan ló gbájú mọ́ ti rí gbogbo wọn.

Abo kan ni mo fẹ́ ṣàpèjúwe. Olówó rẹ̀ jẹ́ ìyá àgbà kan tó ń gbé ní ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tó wà lẹ́yìn títì, ní òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Ìyá yìí kì í sọ ẹran lórúkọ. Ó ní ohun téèyàn máa tà kò yẹ kó lórúkọ. Àmọ́ gbogbo ojúlé tó yí i ká ló ń pe ewúrẹ́ náà ní Ìyá Ìbejì torí pé méjì-méjì ló ń bí, ẹnu ìyá fúnra rẹ̀ sì ti mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì kò ga. Bí àgbàlagbà bá dúró tì í, ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá orúnkún. Ẹ̀yà ewúrẹ́ ilẹ̀ wa ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní West African Dwarf: ẹsẹ̀ kúkúrú tó nípọn, ikùn tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọrùn tó ki. Láyé àtijọ́, àwọn ẹran gíga tó ń ti Òkè Ọya wá kì í pẹ́ kú bí wọ́n bá dé ẹkùn igbó, nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ẹ̀yà kúkúrú yìí ń fara da àìsàn náà, ìdí sì nìyẹn tí àwọn baba ńlá wa fi rí ẹran sìn nínú igbó. Irun rẹ̀ dúdú kirikiri, àfi ìlà funfun kan tó gba iwájú orí sọ̀kalẹ̀ wá sórí imú. Ó ní irùngbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ abo. Ìwo rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ sẹ́yìn, ti òsì ti kán lórí. Ẹran pẹlẹbẹ méjì rọ̀ lábẹ́ ọ̀fun rẹ̀, wọ́n ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bó ṣe ń rìn. Wọ́n gé etí rẹ̀ kan díẹ̀, àmì olówó rẹ̀ nìyẹn, torí pé ẹran tó ń jẹ̀ kiri nígboro ní láti ní àmì. Kò ní eyín iwájú lókè ẹnu. Ètè òkè tó rọ̀, tó sì ń yí kiri, ló fi ń ṣa ewé lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ẹ̀gún, ó mọ èyí tó kan àti èyí tó dùn kí ahọ́n tó kàn án.

Ẹ̀yà kan náà yìí ti di ẹran ìgbafẹ́ ní Amẹ́ríkà. Nigerian Dwarf ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Láti 2005 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ewúrẹ́ wàrà níbẹ̀ ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fọwọ́ sí. Àwọn èèyàn ń fi bùrọ́ọ̀ṣì ya irun rẹ̀, wọ́n ń fún un ní orúkọ, wọ́n sì ń pe dókítà fún un lóru. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹran tó ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ Micra ní Agbowó àti ẹran tó ń sùn nínú ilé onígi ní Texas, ìran kan náà ni wọ́n.

Kò sí darandaran tó ń da Ìyá Ìbejì. Tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn fún un láàárọ̀, ó ti mọ ibi tó ń lọ. Ìdí ìyá ológì ló kọ́kọ́ máa ń yà sí, níbi tí wọ́n ń da èèrí ọkà sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sẹ́ ògì tán. Bó bá kúrò níbẹ̀, ó di ìdí aláàmàlà, torí èèpo iṣu àti ti gbàgùúdá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá títì ló léwu jù, torí pé ẹ̀fọ́ tí kò tíì bàjẹ́ ló fẹ́ níbẹ̀, igi ni wọ́n sì ń sọ. Nígbà tí oòrùn bá mú, ó máa wá abẹ́ ọkọ̀ tó dúró, á dùbúlẹ̀, á máa jẹ àpọ̀jẹ. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á lọ sí ọ̀tún, á padà sí òsì, á dúró díẹ̀ kí èyí tó wà nínú ikùn tó gòkè wá, ẹ ó sì rí i tó ń gun ọ̀fun bọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà olówó rẹ̀.

Òjò nìkan ló ń sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Àgùntàn lè dúró sínú òjò kó máa jẹun lọ. Ewúrẹ́ kò jẹ́ gbà. Kí ìkán òjò àkọ́kọ́ tó bọ́, Ìyá Ìbejì ti ń sáré, etí ti lẹ̀ mọ́ orí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń forí lé. Ẹ ó bá a níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹran ojúlé mìíràn, wọ́n á fara ti ògiri, wọ́n á máa gbọ̀n, kò sí èyí tó ń kan ẹlòmíràn níwo lásìkò yẹn. Kò sẹ́ni tó ń rí wọn báyìí tí kò ní sọ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ibi tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni bóyá ẹ̀rù náà jẹ́ ẹ̀rù lóòótọ́, tàbí ara tó ń sá fún omi lásán.

Nígbà tí àwọn èèyàn Ìbàdàn bá fẹ́ bi ara wọn ní irú ìbéèrè yìí, ọgbà ẹranko ni wọ́n ń mú un lọ. Ọgbà ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹranko, kò jìnnà sí ibi tí mo ń sọ. Àwọn àgbàlagbà ṣì ń sọ̀rọ̀ Imade àti Aruna, ìnàkí méjì tí wọ́n wà níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, bí wọ́n ṣe máa ń wo èèyàn lójú. Ìnàkí jọ wá, ó rọrùn láti gbà pé nǹkan ń ṣe é nínú. Ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ ni mo fẹ́ kí a mú ìbéèrè náà lọ, ọ̀dọ̀ ẹran tí a ń lé, tí a ń tà, tí a sì ń jẹ. Níbẹ̀ ni ìdáhùn ti máa ná wa ní nǹkan.

Àgbàsìn ni wọ́n fi rí Ìyá Ìbejì. Ẹnìkan tó ń gbé ní Bódìjà, tí kò ní àyè ẹran nínú ọgbà rẹ̀, ló ra abo kan fún ìyá àgbà pé kó máa bá òun sìn ín. Ọmọ tó bá bí, wọn á pín in. Ìyá Ìbejì wà nínú ìpín ti ìyá, òun náà sì ti bí ọ̀pọ̀ láti ìgbà náà. Oyún ewúrẹ́ kò ju nǹkan bí oṣù márùn-ún lọ. Bí ọjọ́ ìbímọ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kì í jáde mọ́. Á máa fi ẹsẹ̀ iwájú wa ilẹ̀, á dùbúlẹ̀, á dìde, á yíjú wo ìdí ara rẹ̀. Bí ọmọ àkọ́kọ́ bá sì ti jábọ́, ohùn kan máa jáde lẹ́nu rẹ̀ tí a kì í gbọ́ nígbà mìíràn. Ẹnu rẹ̀ á wà ní pípadé, á máa kùn lọ́fun, ohùn náà á lọ sílẹ̀, á ń tẹ̀ lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni á máa lá omi kúrò lára ọmọ náà láti imú dé ìrù. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ibẹ̀ lásìkò yìí. “Ẹ jẹ́ kó mọ ọmọ rẹ̀ ná,” ni ó máa ń wí.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló ń sọ, bí àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ní láti dán an wò kí wọ́n tó gbà. Ní 1964, Peter Klopfer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ìbí. Ìyá tí wọ́n fún ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré láti gbóòórùn ọmọ rẹ̀ kó sì lá a, tẹ́wọ́ gba ọmọ náà nígbà tí wọ́n dá a padà lẹ́yìn tí wákàtí ti kọjá. Èyí tí wọn kò fún ní ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn sábà máa ń kan ọmọ ara rẹ̀ dànù. Bí ọmọ ṣe ń gba ojú ara kọjá ló ń mú kí ọpọlọ ìyá tú oxytocin sílẹ̀, omi ara kan náà tó ń mú kí wàrà sọ̀ nínú ọmú obìnrin, tó sì wà nídìí bí abiyamọ ṣe ń fà mọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìyá àgbà mọ bí èèyàn ṣe ń lo ìmọ̀ yìí. Bí ọmọ bá kú lọ́wọ́ ìyá ewúrẹ́ kan, tí òmíràn sì bí mẹ́ta tí wàrà rẹ̀ kò ká wọn, á mú ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, á fi omi àti ibi ẹran tí ọmọ kú fún pa á lára látòkè délẹ̀, á sì gbé e síwájú ìyá tí ọmọ kú fún náà kó máa lá a. Ó máa ń gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. Ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ló ti kọ́ ọ, kó tó wá sí Ìbàdàn.

Ìwọ̀nba ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọmọ ewúrẹ́ fi máa ń fara pamọ́. Ìyá á fi í sí ẹ̀yìn àgbá omi tàbí abẹ́ àga, á jáde lọ jẹun, ọmọ á dákẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí ìyá bá padà, á ké, ọmọ á dáhùn. Gbogbo nǹkan dá lórí ohùn. Elodie Briefer àti Alan McElligott, tí wọ́n wà ní Yunifásítì Queen Mary ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, gba ohùn àwọn ọmọ ewúrẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń gbé e sétí àwọn ìyá. Láàárín ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n bímọ, ìyá ti mọ ohùn ọmọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn. Ní 2012 wọ́n tẹ ìwádìí mìíràn jáde tó wọ̀ mí lọ́kàn gan-an: lẹ́yìn tí wọ́n ti já àwọn ọmọ náà lẹ́nu ọmú, tí wọ́n sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀, tó ti lé ní oṣù méje, àwọn ìyá ṣì ń dá ohùn ọmọ wọn mọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ. Lọ́dún kan náà ni wọ́n sọ pé àwọn ọmọ tó jọ ń dàgbà nínú agbo kan máa ń ké bí ara wọn, tó fi jẹ́ pé agbo kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Pygmy goat ni ẹran tí wọ́n lò, ẹ̀yà tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti ara ewúrẹ́ kúkúrú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìbátan Ìyá Ìbejì ni wọ́n gbé ẹ̀rọ sí létí.

Nígbà kan tí Iléyá ń bọ̀, wọ́n ta akọ kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti já lẹ́nu ọmú, ó ti ń gbìyànjú láti gun àwọn abo ojúlé kejì. Ẹni tó rà á gbé e sórí ọ̀kadà, ó sì lọ. Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé ọ̀kadà náà dé orí títì, ó dúró síbẹ̀, ó ké. Ní alẹ́ ọjọ́ náà kò jẹ èèrí tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó tún lọ dúró sí ojú kan náà. Bí ọmọ ewúrẹ́ kan bá ké nínú àgbàlá ẹlòmíràn, á gbórí sókè, etí méjèèjì á kọ síwájú, á tẹ́tí díẹ̀, á sì tún sọ orí kalẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ọmú tó kún ló ń dùn ún. Ọmú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹlòmíràn lè sọ pé ó kàn mọ̀ pé iye àwọn kò pé mọ́ ni. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló mọ̀, kí ló dé tí kò fi jẹun?

Etí ewúrẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ jù lára rẹ̀, ìrù ló tẹ̀ lé e. Bí ìyá ológì bá yọ sí ìta pẹ̀lú igbá, etí Ìyá Ìbejì á kọ síwájú, ìrù kékeré yẹn á dìde gangan, igbe rẹ̀ á sì jáde tààrà láìgbọ̀n. Bí wọ́n bá so ó mọ́lẹ̀ tí ẹran mìíràn wá ń jẹun lójú rẹ̀, etí á tẹ̀ sẹ́yìn, igbe á máa lọ sókè-sódò. Briefer àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi ẹ̀rọ wọn lílù ọkàn àwọn ewúrẹ́ nínú irú ipò méjèèjì yìí, wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n ya etí àti ìrù wọn, wọ́n sì rí ohun kan náà tí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Agbowó lè rí: nígbà tí nǹkan bá dára fún ewúrẹ́, ohùn rẹ̀ kì í yí púpọ̀. Ní 2019, Luigi Baciadonna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ewúrẹ́ tó kàn ń gbọ́ igbe ẹgbẹ́ rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ mọ ìyàtọ̀ láàárín igbe ayọ̀ àti igbe ìnira, àti pé bí ọkàn tirẹ̀ ṣe ń lù náà ń yí padà pẹ̀lú ohun tó ń gbọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwádìí yìí ni wọ́n ṣe ní Buttercups, ibùdó kan ní Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n fìyà jẹ tàbí tí wọ́n pa tì sí. Níbẹ̀ ni Christian Nawroth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé àwòrán ojú èèyàn méjì-méjì kọ́ síwájú ogún ewúrẹ́: ojú tó ń rẹ́rìn-ín àti ojú tó fà ro, ti ẹnì kan náà. Ọ̀dọ̀ ojú tó ń rẹ́rìn-ín ni àwọn ẹran náà kọ́kọ́ ń lọ, òun ni wọ́n sì ń fi imú tọ́ sí pẹ́ jù. Èsì yẹn jáde ní 2018. Ṣáájú rẹ̀, ní 2016, wọ́n ti fi oúnjẹ sínú àpótí tí ewúrẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣí i, wọ́n sì dì í pa kó má ṣeé ṣí mọ́. Nígbà tí ewúrẹ́ gbìyànjú tì, ó gbórí sókè, ó wo ojú ẹni tó jókòó tì í, ó wo àpótí, ó tún wo onítọ̀hún. Bí ẹni náà bá kẹ̀yìn sí i, kì í wò ó tó bẹ́ẹ̀.

Aláàmàlà tí Ìyá Ìbejì ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò tíì gbọ́ nípa Kent, àmọ́ ó mọ wíwò yẹn. Ewúrẹ́ náà kì í ké níbẹ̀. Á dúró sí ìwọ̀n ibi tí ọmọ orógùn kò lè dé, á wo obìnrin náà lójú, á yíjú sí abọ́ èèpo, á tún wò ó. “Ìyá Ìbejì, mo ti rí ẹ o, jẹ́ kí n bu fún oníbàárà ná.” Ó sì máa ń dúró.

Bí wọ́n bá bi mí, mo gbà pé ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ ń dùn, ó sì ń ṣàárò ọmọ. Mi ò gbà pé ó ń ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́dún Iléyá tó ń bọ̀, tàbí pé ó ń di èèyàn sínú, tàbí pé ojú ń tì í nígbà tó bá jí ẹ̀fọ́ jẹ. Charles Darwin ti kọ ìwé lórí bí èèyàn àti ẹranko ṣe ń fi ìmọ̀lára hàn láti 1872, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kà á léèwọ̀ láti sọ pé ẹranko mọ nǹkan kan lára. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje 2012, àwọn onímọ̀ ọpọlọ kan péjọ ní Cambridge, wọ́n sì kéde pé àwọn ẹ̀yà ọpọlọ tó ń jẹ́ kí ohun abẹ̀mí mọ ara rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe é kò sí lára èèyàn nìkan. Ní oṣù kẹrin 2024, ìkéde mìíràn jáde ní New York tó sọ pé ẹ̀rí èyí lágbára fún àwọn ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú àti fún ẹyẹ, àti pé kò bójú mu kí a mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹranko ní ìmọ̀lára, ká sì ṣe bí ẹni pé kò jọ wá lójú nígbà tí a bá ń pinnu ohun tó kàn án.

Ibi tí mo ti máa ń yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn olólùfẹ́ ẹranko ni ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ kí ìmọ̀lára ẹranko rí bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ní oṣù kejì 2024, kìnnìún kan ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pa òṣìṣẹ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, wọ́n sì pa kìnnìún náà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bèèrè bóyá kìnnìún kò moore ni. Kìnnìún kò jẹ wá ní gbèsè ìmoore. Ohun tó ń ṣe kìnnìún nínú jẹ́ ti kìnnìún, ohun tó ń ṣe ewúrẹ́ nínú jẹ́ ti ewúrẹ́, wọn kò sì ní láti jọ tiwa kí wọ́n tó jẹ́ òótọ́.

Mo ń jẹ ẹran ewúrẹ́. Àsun tó ta, tí wọ́n fi àlùbọ́sà sí, ní àwọn ibùsọ̀ tó wà láti Ring Road lọ dé Challenge, mi ò mọ ohun tó dùn jù ú lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Torí pé mo ń jẹ ẹ́ gan-an ni ohun tí mo ń rí ní ọjà Bódìjà ṣe ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Níbẹ̀, àwọn ẹran Òkè Ọya, àwọn pupa gíga, ni wọ́n máa ń já sílẹ̀ látinú ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́yìn ìrìn àjò jíjìn. Àwọn kan kò lè dìde fúnra wọn mọ́. Wọ́n so wọ́n mọ́ igi lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú oòrùn. Bí oníbàárà bá ti san owó, ọwọ́ kan á mú ẹsẹ̀ iwájú, ọwọ́ kejì á mú ti ẹ̀yìn, wọ́n á fì í sókè, ó di inú bóòtù Micra, wọ́n á sì pa á dé. Láti Bódìjà dé Challenge nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ooru irin lókè àti èéfín nísàlẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń ké ní Mọ́kọ́lá, ẹ ó gbọ́ ọ ní Dùgbẹ̀ bí ọkọ̀ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Kòkó. Igbe tó ń lọ sókè-sódò ni, irú èyí tí mo ṣàlàyé.

Àwọn àgbà ní bí a bá lé ewúrẹ́ títí tó fi kan ògiri, á yíjú padà bu ni jẹ. Ẹni tó pa òwe yẹn ti wo ojú ewúrẹ́ tó dé ògiri rí. Nínú bóòtù, kò sí ibi tí á yíjú sí.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀, ẹ̀sìn tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe sì ti béèrè rẹ̀ ṣáájú mi. Ànábì Muhammad kọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e pé kí wọ́n pọ́n ọ̀bẹ kó mú, kí wọ́n fún ẹran tí wọ́n fẹ́ pa ní ìrọ̀rùn, kí wọ́n má sì pọ́n ọ̀bẹ náà lójú rẹ̀. Ìwé Òwe nínú Bíbélì ka ríro ti ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn mọ́ ìwà olódodo. Ní ti ẹni tó jẹ́ pé ọbẹ̀ nìkan ló ń rò, kó mọ̀ pé ẹran tí ìbẹ̀rù bá lò pẹ́ kó tó kú ti jó ṣúgà inú iṣan rẹ̀ tán. Á dúdú, á le, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Omi kí ọkọ̀ tó gbéra, àyè láti dúró, ẹran kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: gbogbo rẹ̀ kò ju èyí lọ. Ewúrẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lóun nìkan máa ń ké ju èyí tó rí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó ń sin ẹran tí kò mọ èyí.

Láti ìgbà tí Ìyá Ìbejì ti lọ dúró sórí títì ni ìyá àgbà ti yí bó ṣe ń tà padà. Kì í ta ọmọ kan mọ́ tí ìkejì rẹ̀ bá ṣì wà. Oníbàárà kan dé láti Bódìjà láìpẹ́ yìí, ó ń wá akọ kan fún ìsọmọlórúkọ.

“Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́.”

“Méjì ni wọ́n o, ọmọ mi. Ìbejì ni wọ́n. Bí o bá kó méjèèjì, màá dín in fún ẹ.”

“Kí ni mo fẹ́ fi ìkejì ṣe, Ìyá?”

“Sìn ín. Àbí kí o wá ẹni tí á bá ẹ sìn ín. Tí o ò bá lè kó wọn pọ̀, ìyá wọn wà lẹ́yìn rẹ níbẹ̀ yẹn, wá bá a sọ ọ́.”

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ìyá Ìbejì ń jẹ àpọ̀jẹ, ó sì ń wò ó. Wọ́n ná an títí, ìyá àgbà dín owó kúrò ju bó ṣe wí tẹ́lẹ̀ lọ, ọkùnrin náà sì fi okùn kan ṣoṣo so àwọn méjèèjì pọ̀, ó fà wọ́n lọ sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tẹ́ àpò sórí àga, ó sì kó wọn síbẹ̀.